Ìdí kámpà tí omi ń jẹ: ẹ wá ọ̀nà àbájáde fún omi kí ẹ tó bò ó

Ìbéèrè: Kámpà wa, ìyẹn yàrá kékeré tí a ń sùn nínú rẹ̀ lẹ́nu ìrìn àjò, jẹ́ irú èyí tí a ń gbé sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Férémù igi ló ní, plywood tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn fẹ́ẹ́rẹ́ sì ni ìdí rẹ̀. Nígbà tí a fi jáàkì rẹ̀ gbé e sókè, a rí i pé igun méjèèjì ẹ̀yìn ti dúdú, plywood ibẹ̀ sì ń rọ̀ bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ fi ọ̀dà títì onírọ́bà kun gbogbo ìdí rẹ̀, kí n sì fi súkúrù kan páànù alumíníọ́mù mọ́ ọn, kí omi táyà má baà dé ibẹ̀ mọ́, kí ìdí náà sì le sí i. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀? Báwo ni mo ṣe lè fún un lágbára láìjẹ́ pé ẹrù wọ ọkọ̀ lọ́rùn?

Ìdáhùn:

Ẹ má tíì kun ohunkóhun, ẹ má sì tíì ra páànù. Bí ẹ bá ṣe é bí ẹ ṣe là á sílẹ̀ yẹn, omi tó ti wà nínú igi ni ẹ máa sé mọ́bẹ̀, ìdí kámpà yóò sì máa jẹrà lọ níbi tí ojú kò tó. Igi tó tutù lónìí tó sì gbẹ lọ́la lè pẹ́ gan-an. Èyí tó tutù tí kò rí afẹ́fẹ́ gbẹ ni olú ń jẹ. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí omi ti ń wọlé, ẹ gé èyí tó ti bàjẹ́ kúrò, ẹ fi igi tí a ti dáàbò bo ojú rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún omi láti jáde. Páànù kò sí lára iṣẹ́ yìí, mo sì máa ṣàlàyé ìdí rẹ̀ níwájú.

Omi òkè àti omi ìsàlẹ̀

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Omi tí táyà ń ta sókè ni gbogbo ènìyàn máa ń fura sí, nítorí òun ni ojú ń rí. Ṣùgbọ́n nínú kámpà onígi, igun ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni omi òrùlé náà máa ń parí ìrìn rẹ̀ sí. Ó ń gba etí òrùlé wọlé, tàbí ojú ìsopọ̀ igun ògiri, tàbí ẹ̀yìn iná ìdúró, tàbí abẹ́ fèrèsé. Yóò tọ igi ògiri sọ̀kalẹ̀, yóò sì jókòó sórí igi ìsàlẹ̀ tí gbogbo ògiri dúró lé. Bí ẹ bá dí ìdí kámpà pa nígbà tí irú omi bẹ́ẹ̀ ṣì ń bọ̀, ẹ ti sọ ọ́ di abọ́ tó ń gba omi dúró.

Ẹ mú súkúdíráfà ẹlẹ́nu tínrín, ẹ fi máa gún plywood náà láti etí lọ sí àárín, ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 15. Igi tó yè kì í jẹ́ kí ẹnu irin wọlé ju mílímítà kan tàbí méjì lọ, bí ẹ bá sì ya á, fọ́nrán gígùn ló ń já. Èyí tó ti jẹrà máa ń gba irin wọlé bí ẹrẹ̀, ó sì máa ń ṣẹ́ ní ègé kéékèèké. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin inú igi yá, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye tó bá fihàn sára igi níbi tí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Igi tí ọ̀rinrin rẹ̀ kò tó ìdá 20 nínú 100 kì í jẹrà. Tó bá ti ń súnmọ́ 30, ilé olú ni.

Lẹ́yìn náà ẹ wọ inú kámpà, kí ẹ wọn ilẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ògiri ní ibi kan náà. Bí inú bá tutù ju ìta lọ, òkè ni omi ti ń bọ̀. Bí ìta bá tutù tí inú sì gbẹ, a lè dá táyà lẹ́bi. Kò ṣọ̀wọ́n kí ó jẹ́ méjèèjì.

Láti rí ihò náà fúnra rẹ̀, ẹ fi họ́ọ̀sì wọ́n omi sí ògiri ẹ̀yìn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìpele kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan wà nínú kámpà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè kò ní mọ ibi tó jò, nítorí omi yóò ti ṣàn bo gbogbo ojú ìsopọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tó bá jò, ẹ yọ gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò pátápátá kí ẹ tó fi tuntun sí i. Ẹ má lo gọ́ọ̀mù silicone lára kámpà níbikíbi tí ọ̀dà tàbí gọ́ọ̀mù mìíràn bá máa tún dé lọ́jọ́ iwájú. Ohunkóhun kì í lẹ̀ mọ́ ibi tí silicone bá ti kan. Butyl (gọ́ọ̀mù rírọ̀ tí kì í le) ni kí ẹ fi sábẹ́ ohun tí a fi súkúrù dè, polyurethane (gọ́ọ̀mù tó ń gbẹ bí rọ́bà) sì ni kí ẹ fi sí ojú ìsopọ̀.

Ní ti omi ìsàlẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ló sábà máa ń gbà. Òjò tó bá rọ̀ sáàárín ilé awakọ̀ àti iwájú kámpà máa ń sọ̀kalẹ̀ sínú àpótí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì ń gba abẹ́ kámpà kọjá lọ sẹ́yìn. Táyà ẹ̀yìn máa ń ta omi, iyanrìn àti iyọ̀ títì sí apá ìdí tó yọ kọjá ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ̀kẹta ni àwọn èèyàn kì í kà sí: omi tó ń ṣàn lára ògiri, tó bá dé etí ìsàlẹ̀, kì í já bọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń rọ́ wọ abẹ́ plywood, yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ síwájú. Ìdí nìyí tí etí fi máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ nígbà tí àárín ṣì le koko.

Kí ẹ tó wọ abẹ́ rẹ̀

Jáàkì kámpà wà fún gbígbé e sókè àti sísọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò sí fún ẹni tó fẹ́ dùbúlẹ̀ sábẹ́. Ẹ tú gbogbo omi inú táǹkì dànù, nítorí lítà kan jẹ́ kílò kan, ẹ yọ sílíńdà gáàsì, ẹ sì tú wáyà bátìrì. Ẹ wá wo igi tí irin jáàkì ẹ̀yìn dè mọ́. Bí igun ẹ̀yìn bá ti rọ̀ bí ẹ ṣe sọ, ó ṣeé ṣe kí ìjẹrà ti dé ìdí bóòtù jáàkì, irin jáàkì sì lè fà tu pẹ̀lú gbogbo ìwúwo kámpà lórí rẹ̀. Ẹ gún ibẹ̀ pẹ̀lú súkúdíráfà kí ẹ tó tún gbé e rárá. Tí ó bá rọ̀, inú ọkọ̀ ni kí kámpà wà títí ẹ ó fi rí ọ̀nà mìíràn gbé e.

Ẹ fi igi oníwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10 tò pèpele mẹ́rin, méjì-méjì ní ìdábùú lé ara wọn. Kí gíga pèpele má ju ìlọ́po méjì fífẹ̀ ìdí rẹ̀ lọ: èyí tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60 lè ga dé 120, ṣùgbọ́n 80 tó láti ṣiṣẹ́. Ẹ sọ kámpà kalẹ̀ títí yóò fi jókòó sórí wọn, kí jáàkì ṣì kan ilẹ̀ bí olùrànlọ́wọ́. Abẹ́ igi férémù ni pèpele ń dúró. Kò gbọdọ̀ sí lábẹ́ apá kámpà tó nà kọjá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kò gbọdọ̀ sí lábẹ́ imú tó wà lókè ilé awakọ̀, kò sì gbọdọ̀ sí lábẹ́ igun tó ti jẹrà. Ẹ ṣe ìdajì ẹ̀yìn ná, kí ẹ tó ṣí pèpele nípò láti ṣe ìdajì iwájú.

Gígé èyí tó bàjẹ́

Àwọn oògùn olómi kan wà tí wọ́n ń tà fún igi tó rọ̀, epoxy (gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ méjì tó ń gbẹ tó sì ń le bí ike) tó ṣàn bí omi. Wọ́n wúlò níbi tí rírọ̀ náà kò ju mílímítà méjì tàbí mẹ́ta lójú igi. Wọn kì í dá agbára padà fún igi tó gbọ́dọ̀ gbé ẹrù. Plywood tí ìka ń tẹ̀ wọlé, ayùn ló kàn.

Ẹ gé e dé àárín igi férémù tó yè tó tẹ̀lé e, kí etí plywood tuntun àti ti àtijọ́ lè jọ sinmi lórí igi kan, kódà bí ìyẹn bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 kọjá ibi tí ojú rí. Ẹ ṣètò ẹnu ayùn kí ó má jìn ju nínípọn plywood pẹ̀lú mílímítà kan. Wáyà, páìpù omi àti páìpù gáàsì lè wà lókè rẹ̀ gan-an. Igi férémù tó bá ti bàjẹ́ náà, ẹ gé e kúrò, kí ẹ fi tuntun sí i, kí ẹ sì fi igi kejì gbè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bo ojú ìsopọ̀ náà ní sẹ̀ǹtímítà 30 ó kéré tán lápá méjèèjì. Gọ́ọ̀mù àti súkúrù ni kí ẹ lò pa pọ̀.

Ibi yìí ni ìkánjú ti máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Igi tó kù gbọ́dọ̀ gbẹ dé ìsàlẹ̀ ìdá 15 nínú 100 kí epoxy tàbí gọ́ọ̀mù tó lè dì í mú, ìyẹn sì lè gba ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú fáànù tó ń fẹ́ sí i tọ̀sán-tòru. Fóòmù onírun (èyí tó ń dí ooru àti òtútù) tó ti tutù nínú àyè férémù kì í gbẹ níbẹ̀; ẹ fà á yọ, kí ẹ fi òmíràn sí i. Lẹ́yìn tí igi bá ti gbẹ, ẹ fi oògùn borate tí a pò mọ́ omi pa á lára lẹ́ẹ̀mejì láti pa olú tó kù, ẹ tún jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ sì gbọn ìyẹ̀fun funfun tó bá yọ sí i kúrò. Omi ń fọ borate dànù, nítorí náà kò lè dá dúró láìsí ohun tó bò ó.

Ẹ yẹra fún plywood tí wọ́n ti fi oògùn bàbà rì ní ilé iṣẹ́, bí ó bá máa kan alumíníọ́mù tàbí irin lásán. Bàbà inú rẹ̀ máa ń jẹ irin wọ̀nyẹn bí ọ̀rinrin bá ti dé sí i. Plywood ọkọ̀ ojú omi tó bá ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní BS 1088 mu ni kí ẹ wá. Gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ kì í bẹ́ nínú omi, kò sì ní ihò tó fara sin láàárín awẹ́ rẹ̀.

Ibi tí agbára ti ń wá

Plywood tuntun ní igun ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ nípọn bákan náà pẹ̀lú ti àtijọ́, kí ojú wọn dọ́gba. Bí ti àtijọ́ bá tó mílímítà 12, kò nílò ohun mìíràn ju ààbò lọ. Bí ó bá jẹ́ 6 tàbí kó tínrín jù bẹ́ẹ̀, ó tọ́ kí ẹ fi abala plywood 9 bo gbogbo ìdí rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Gbogbo rẹ̀ ni mo wí. Àwọn kan máa ń kan igi pẹlẹbẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin mọ́ ìdí kámpà pẹ̀lú èrò pé ó ń fún un lágbára. Òdìkejì ni wọ́n ń ṣe. Ìdí kámpà ń sinmi lórí gbogbo òkè-òkè pẹrẹsẹ tó wà nílẹ̀ àpótí ọkọ̀. Tí ẹ bá ti kan igi mẹ́rin mọ́ ọn, orí igi mẹ́rin yẹn nìkan ni gbogbo ẹrù máa dúró lé, plywood àárín wọn yóò sì máa mì lókè òfìfo. Ìdí kámpà gbọ́dọ̀ pẹlẹbẹ.

Ní ti páànù alumíníọ́mù, ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀. Ìdí kámpà tó fẹ̀ ní mítà 1.2 tó sì gùn ní 2.4 jẹ́ mítà onígun 2.88 (gígùn lọ́nà fífẹ̀), ẹ jẹ́ ká pè é ní 3. Páànù onímílímítà 2 tó bo ìyẹn wọn nǹkan bíi kílò 16. Plywood onímílímítà 9 tó bo ibi kan náà wọn kílò 16 bákan náà, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ le ní ìlọ́po mẹ́wàá ju páànù yẹn lọ bí a bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, nítorí nínípọn ni líle ń bá rìn. Ẹ ó gbé ìwúwo kan náà, ẹ kò sì ní rí agbára gbà. Lórí ìyẹn, súkúrù tó gba páànù wọ igi jẹ́ ojú ọ̀nà fún omi, omi tó bá wọ àárín páànù àti igi kì í jáde mọ́, alumíníọ́mù tó sì kan irin ọkọ̀ nínú omi oníyọ̀ yóò máa jẹ ara rẹ̀.

Orí tábìlì ni kí ẹ ti ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ plywood tuntun náà. Epoxy tí a ń fi sí òkè orí máa ń kán sójú. Ẹ gé abala náà bá ìwọ̀n, ẹ fi sáńpépà yí etí rẹ̀ po kí ó rí róbótó díẹ̀, ẹ lu gbogbo ihò tó yẹ kí ó ní, kí ẹ tó pa epoxy sí ojú rẹ̀ méjèèjì àti etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Etí ń mu epoxy ju ojú lọ, torí ẹnu fọ́nrán igi ló ṣí síta níbẹ̀: ẹ pa á lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà tí ti ìṣáájú bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ díẹ̀. Ẹ má fi ohun tó ń yọ́ ọ̀dà là á kí ó lè ṣàn, ó ń gba agbára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí igi àti epoxy jọ lọ́wọ́ọ́wọ́, ìyẹn tó. Lójú ìsàlẹ̀, ẹ tẹ́ aṣọ fáíbà onígíráàmù 200 fún mítà onígun kan sínú epoxy. Aṣọ híhun ni, kì í ṣe irú èyí tí fọ́nrán rẹ̀ wà ní gígé-gígé tí a lẹ̀ pọ̀, torí styrene, kẹ́míkà inú resin polyester (gọ́ọ̀mù olómi mìíràn tí wọ́n ń fi tẹ́ fáíbà), ló ń yọ́ ohun tó so ọ̀pọ̀ irú ìyẹn pọ̀, epoxy kò sì ní in. Fún mítà onígun 3, epoxy kílò 3 máa tó gbogbo rẹ̀.

Epoxy tó bá ti gbẹ máa ń ní ohun kan bí ọ̀rá tó ń yọ lójú rẹ̀. Ẹ fi omi àti kàn-ìn-kàn-ìn ṣíṣá fọ̀ ọ́ kúrò kí ẹ tó fi sáńpépà ha á. Bí ẹ bá ha á láìfọ̀ ọ́, ọ̀rá náà ni ẹ ń tẹ̀ wọnú rẹ̀, ọ̀dà tó bá sì dé orí rẹ̀ yóò bó.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e sípò, ẹ fi ìpátá eléyín (irin pẹlẹbẹ tí etí rẹ̀ rí bí eyín ayùn) tẹ́ gọ́ọ̀mù polyurethane sí gbogbo ojú tó máa kan ìdí àtijọ́. Ike mílílítà 600 mẹ́ta tàbí mẹ́rin yóò tó. Ẹ má fi í sí ní ìlà-ìlà. Àárín ìlà kan sí èkejì ni omi máa fi ṣe ilé. Ẹ fi jáàkì ọkọ̀ àti pákó tì í sókè títí yóò fi gún régé, kí ẹ fi súkúrù irin tí kì í dípẹtà dè é mọ́ férémù: sẹ̀ǹtímítà 15 sí ara wọn ní etí, 25 láàárín. Gígùn súkúrù ni nínípọn plywood méjèèjì pẹ̀lú mílímítà 25 tó máa wọ igi férémù, nǹkan bíi 40 sí 45 bí plywood àtijọ́ bá jẹ́ 6. Ìlà súkúrù àtijọ́ ló ń sọ ibi tí férémù wà. Níbi tí kò bá sí férémù, kò gbọdọ̀ sí súkúrù, torí táǹkì àti wáyà. Ẹ rì orí rẹ̀ wọlé kí ó má yọ síta, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù bò ó.

Ihò omi

Láìsí àwọn ihò yìí, gbogbo iṣẹ́ òkè yẹn máa sọ kámpà di abọ́. Nínú àyè kọ̀ọ̀kan láàárín igi férémù, ẹ ṣe ihò méjì níbi tó rẹlẹ̀ jù, tó sábà máa ń jẹ́ apá ẹ̀yìn. Ẹ lu u ní mílímítà 10 gba plywood méjèèjì kọjá, ẹ fi abẹ́rẹ́ ti epoxy tó ki sínú rẹ̀, ẹ fi téèpù dí ìsàlẹ̀, nígbà tó bá sì gbẹ, kí ẹ tún lu àárín rẹ̀ ní mílímítà 6. Báyìí, ògiri ihò náà jẹ́ epoxy, igi kò ní fi í mu omi. Ẹ fi téèpù sàmì sára ẹnu dìríìlì kí ó má lọ jù.

Ihò yìí tún jẹ́ àgọ́ ìṣọ́. Tí òjò bá rọ̀ tí omi sì kán láti inú rẹ̀, ẹ ti mọ àyè tí òrùlé ń jò sí kí igi tó jẹrà.

Èyí kan kámpà onífèrémù igi tí inú ìdí rẹ̀ ṣófo. Tí ti ẹlòmíràn tó ń ka èyí bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ plywood mọ́ fóòmù líle láìsí òfìfo, kí ó má lu ihò kankan sí i. Kí ó fi owó irin máa kan ìdí rẹ̀. Ibi tó bá dún bí igbá ni plywood ti ya kúrò lára fóòmù. Níbẹ̀, yóò lu ihò mílímítà 3 ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí ara wọn, yóò fi abẹ́rẹ́ fa epoxy sínú wọn, yóò fi ọ̀rá àti pákó títẹ́jú tì í sókè pẹ̀lú jáàkì fún wákàtí 24, yóò sì fi epoxy dí àwọn ihò náà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó má ṣe jẹ́ kí resin polyester tàbí acetone kan fóòmù polystyrene. Wọ́n ń yọ́ ọ bí iyọ̀ nínú omi.

Ọ̀dà

Ọ̀dà títì onírọ́bà kò burú lábẹ́ ọkọ̀ onírin. Lábẹ́ kámpà, àléébù rẹ̀ pọ̀. Kì í le tán, nítorí náà bí oòrùn bá mú, kámpà àti rọ́bà tó jókòó lé yóò lẹ̀ mọ́ra, ọjọ́ tí ẹ bá gbé e sókè ni ọ̀dà náà yóò bó tẹ̀lé rọ́bà. Ó máa ń sán bí ó bá dàgbà, omi ń gba ojú sísán wọlé, ọ̀dà tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sì jẹ́ kó jáde. Ó tún ń bo ìjẹrà mọ́lẹ̀ kí ẹ má rí i, bóyá ohun tí ti yín ti ṣe nìyẹn.

Ohun tó yẹ lórí epoxy ni polyurethane alápòpọ̀ méjì tí wọ́n ń fi kun inú àpótí píkọ́ọ̀pù. Ẹ fi sáńpépà 80 ha ojú epoxy kí dídán rẹ̀ kúrò, ẹ nù ún, kí ẹ fi róólà kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Lítà 2 máa tó mítà onígun 3 pẹ̀lú etí. Apá àtijọ́ ìdí kámpà tí ẹ kò bá bò, ẹ kọ́kọ́ ha ọ̀dà dúdú rẹ̀ kúrò dé igi, kí ẹ fi epoxy pa á kí èyí tó dé e. Isocyanate inú ọ̀dà yìí ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára. Ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú tó ní àsẹ́ fún òórùn kẹ́míkà. Fífọ́n rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ léwu jù bẹ́ẹ̀, ìbòmú tó ń gba afẹ́fẹ́ láti ibòmíràn nìkan ló tọ́ fún un. Róólà ni kí ẹ lò. Ẹ fún un ní ọjọ́ méje kí kámpà tó jókòó lórí rẹ̀.

Lára ìdí tó yọ kọjá ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí táyà ń ta omi sí, ẹ lẹ irin alumíníọ́mù onígun mọ́ etí ìsàlẹ̀ ògiri kí ó yọ sísàlẹ̀ ní mílímítà 8 kọjá plywood. Omi yóò já bọ́ láti ẹnu rẹ̀ dípò kí ó rọ́ wọ abẹ́. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá ní àyè fún ohun mìíràn lọ́dún yìí, ẹ ṣe èyí. Ìbòdí táyà tó gùn dáadáa yóò ràn án lọ́wọ́.

Abẹ́ apá kámpà kò nílò púpọ̀: plywood ibẹ̀ tínrín, kò sì gbọdọ̀ gbé ẹrù kankan. Epoxy lẹ́ẹ̀mejì àti ọ̀dà tó. Ẹ kàn rí i dájú pé àyè sẹ̀ǹtímítà 3 ó kéré tán wà láàárín rẹ̀ àti etí àpótí ọkọ̀, kí ó má máa gbá a nígbà tí ọkọ̀ bá ń mì. Níbi tí ìkọ́ ìdè kámpà àti irin jáàkì ti wọ igi, ẹ tú bóòtù wọn, ẹ fi epoxy ṣe ihò wọn bí ti ihò omi, kí ẹ sì fi irin pẹlẹbẹ onímílímítà 4 sẹ́yìn igi dípò wáṣà kékeré. Okùn ìdè ń fa ibẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò, wáṣà kékeré sì lè wọnú igi lọ.

Inú àpótí ọkọ̀

Bí ike tí wọ́n ń tẹ́ sínú àpótí píkọ́ọ̀pù bá wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ó ń yọ̀, kámpà yóò máa rìn lórí rẹ̀, omi àti iyanrìn tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń ha ọkọ̀ náà. Páálí HDPE (irú ike líle kan) tí àwọn kan ń kàn mọ́ ìdí kámpà ní irú àléébù kan náà: kò ní jẹrà láéláé, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀, gọ́ọ̀mù kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn.

Rọ́bà onímílímítà 10 ni kí ẹ tẹ́, kí apá tó ní ojú ìlà kọjú sí ilẹ̀ ọkọ̀ kí omi lè máa ṣàn lọ sẹ́yìn. Ó máa wọn tó kílò 33, ẹ kà á mọ́ ẹrù. Ẹ gé e kí ó kéré ju ìdí kámpà lọ ní sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ sí méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà tó bá yọ síta jù ìdí kámpà lọ ń gba omi tó ń ti ògiri bọ̀, ó sì ń fà á wọ àárín ara rẹ̀ àti igi. Èyí tó bá kéré díẹ̀ ń jẹ́ kí omi já bọ́ sílẹ̀ ọkọ̀ kó máa lọ. Ẹ gé ihò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí rọ́bà náà níbi tí ihò omi kọ̀ọ̀kan máa wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ rọ́bà ló máa dí wọn.

Bí ilé awakọ̀ bá ga tí imú kámpà fi súnmọ́ ọn jù, fóòmù polystyrene líle tó le tó 170 kPa (ìwọ̀n agbára títẹ̀ tó lè gbà) lè gbé kámpà sókè ní sẹ̀ǹtímítà 5. Kámpà tó wọn kílò 1,500 lórí mítà onígun 3 kò ju 5 kPa lọ, kò lè tẹ̀ ẹ́ bàjẹ́. Rọ́bà ni kó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀.

Plywood kílò 16, epoxy 3, gọ́ọ̀mù 3, ọ̀dà àti súkúrù 4: nǹkan bíi kílò 26 ni gbogbo ohun tí ẹ fi kún kámpà, láìka rọ́bà. Plywood tó mu omi tí ẹ gé kúrò yóò dín díẹ̀ kù nínú rẹ̀. Ẹ fi wé iye ẹrù tí wọ́n kọ sára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ sì gbé ọkọ̀ pẹ̀lú kámpà tí táǹkì rẹ̀ kún lọ sórí ìwọ̀n ọkọ̀ ńlá lẹ́yìn iṣẹ́, kí ẹ wọn ẹsẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdè kámpà náà máa nílò àtúnṣe, torí ó ti ga sí i ní mílímítà 9, láìka rọ́bà.

Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, ẹ wo àwọn ihò omi. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ gbé kámpà kúrò, ẹ gbá iyanrìn àti ewé inú àpótí ọkọ̀ dànù, ẹ jẹ́ kí ìdí rẹ̀ gba afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ kan, kí ẹ sì tún wọn ọ̀rinrin níbi tí ẹ ti wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀ nínú kámpà.